Ká Fi Í Sílẹ̀ Ni, àbí Ká Fi Ìpara Lé E?

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì kan ní Ìsánlú, lẹ́bàá títì tó ti Kabba wá, tó gba Mọ̀pà kọjá, tó ń lọ sí Ẹ̀gbẹ̀. Ìyá kan fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ dé. Aṣọ ilé ìwé ló wà lọ́rùn ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó fi ìborùn ìyá rẹ̀ bo ẹnu àti imú bí ẹni tí eruku ń yọ lẹ́nu.

"Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n," ni ìyá wí fún oníkẹ́mísì. "Ẹ bá mi wo ẹnu ọmọ yìí."

Ó ká ìborùn náà kúrò. Lápá òsì ètè òkè, níbi tí ètè ti pàdé awọ ojú, ìléròrò wẹ́wẹ́ bíi mẹ́fà ti ṣù jọ bí ẹyin ẹja. Awọ tó yí wọn ká ti wú, ó ń dán. Méjì nínú wọn ti bẹ́, omi wọn sì ti ń dì, ó ń pọ́n bí oyin tó gbẹ sẹ́nu ìgò.

Bàbá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò jẹ́ kí oníkẹ́mísì tíì lanu. "Ibà ló jáde yẹn. Ẹ má fòyà. Ibà tó bá ti gba ẹnu jáde, ó ti fi ara sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi òrí pa á, kẹ́ ẹ se àgbo fún un, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀."

Oníkẹ́mísì tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Àmọ́ kòkòrò ni, kì í ṣe ibà. Kírímù rẹ̀ nìyí." Ó gbé páálí kékeré kan lé orí gíláàsì.

Ìyá tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó tó wà níbẹ̀, ó tún un kà. Ó wá kọjú sí mi. "Bùrọ̀dá, èwo ni ká ṣe?"

Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tó dí mi lẹ́nu ni pé bàbá mú òótọ́ dání, oníkẹ́mísì náà mú òótọ́ dání, ohun kan sì wà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì dárúkọ, tó ṣe pàtàkì ju òrí àti kírímù lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti bàbá, nítorí òun ló dàgbà jù. Ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀kun, kì í ṣe Yàgbà tí Ìsánlú wà nìkan, bí egbò báyìí bá yọ sí èèyàn létè, "ibà ló jáde sẹ́nu ẹ" ni a máa ń wí. Ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Èkó ń sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òyìnbó pàápàá, orúkọ méjì tí wọ́n fún un lédè wọn, òtútù ló wà nínú ọ̀kan, ibà ló wà nínú èkejì. Kì í ṣe àṣìrò lásán ló kó gbogbo ayé jọ sídìí èrò kan. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tó ń gbọ̀n, tó ń làágùn, bí ara rẹ̀ bá ṣe ń balẹ̀ ni ètè rẹ̀ á máa lé ròrò. Ojú àwọn bàbá wa rí i lẹ́ẹ̀kan, ó rí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, wọ́n sì sọ ohun tí ojú wọn rí. Ìwé ìṣègùn gbà pẹ̀lú wọn títí dé ibẹ̀: ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé egbò yìí máa ń bá ibà, òtútù àyà àti yírùnyírùn rìn.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde. Bàbá gbà pé ibà fúnra rẹ̀ ló ń gba ẹnu sá lọ. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò mìíràn tó ti wà nínú ara láti ọjọ́ pípẹ́ ni ibà jí. Fáírọ́ọ̀sì ni, herpes simplex ni wọ́n ń pè é, oríṣi kìn-ín-ní rẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ ètè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó gbé e lára láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún 50 lágbàáyé tó bílíọ̀nù 3.8, ìyẹn èèyàn 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ ti í kó o, nípasẹ̀ ìfẹnukonu ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá. Ẹlòmíràn kò ní mọ̀ rárá. Ẹlòmíràn á ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan lọ́mọdé, gbogbo erìgì á wú, kò ní í lè jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn èyí ni fáírọ́ọ̀sì náà á gba inú iṣan wọlé, á lọ ba sí gbòǹgbò iṣan ojú kan tó wà nínú agbárí, lápá ibi tí etí wà, á sì sùn síbẹ̀. Kì í kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò tíì sí oògùn, ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, tó lè wọ ibẹ̀ lọ lé e jáde.

Ohun tó ń jí i kò mọ ní ọ̀kan. Ibà ń jí i. Oòrùn ń jí i: ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́rin kọ ebè láìdé akẹtẹ̀ lè jí ní ọjọ́ karùn-ún pẹ̀lú ètè tó ń yún un. Ọyẹ́ tó ń sán ètè ń jí i, àárẹ̀ ń jí i, nǹkan oṣù obìnrin ń jí i, ìdààmú ọkàn ń jí i, kódà bí oníṣègùn eyín bá fa ètè ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè jí i. Nítorí náà, tí bàbá bá ní ibà ló fà á, ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ní ibà nìkan ló lè fà á, ibẹ̀ ni màá ti dá a dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń dá a dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, ní ọdún tó fẹ́ ṣèdánwò àṣekágbá girama, ètè rẹ̀ bó lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ra oògùn ibà fún un, tí ó lò ó tán, tí kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ara rẹ̀ kò gbóná rí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àìsùn ni, àníyàn ìdánwò ni. A jẹ́ kó gbé oògùn tí kò nílò mì, a sì ná owó tí ìyá rẹ̀ ì bá fi ra ìwé. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó fún èèyàn lóògùn ibà. Àyẹ̀wò náà kò le: wọ́n á gún orí ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sí ike pẹlẹbẹ kan, láàárín ogún ìṣẹ́jú ìlà á yọ tàbí kó má yọ. Ní orílẹ̀-èdè tó ń ru nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ibà gbogbo ayé, mo mọ ìdí tí gbogbo ìyá fi ń fura sí ibà kó tó fura sí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ètè kì í ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò ibà.

Ó tún kù fún bàbá. Òrí tó dárúkọ kì í pa fáírọ́ọ̀sì, kò sì sọ pé ó ń pa á. Ohun tí òrí ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí èépá rọ̀. Ẹni tí egbò ètè ti mú rí mọ bí ó ti ń rí tí èépá bá gbẹ gan-an: tó bá rẹ́rìn-ín, ó ya, tó bá ya iyán sẹ́nu, ó ya, bó bá sì ti ya, ẹ̀jẹ̀ á jáde, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Òrí tí a fi bò ó kò ní jẹ́ kó ya. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń jìyà rẹ̀. Igi ẹmi sì wà lágbègbè wa, òrí kò wọ́n wa.

Àwọn tí wọ́n bá ń fi ojú àìmọ̀kan wo ewé àti egbò ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ibi tí oògùn ibà inú páálí ti wá. Lára ewé ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà ni Tu Youyou ti rí artemisinin fà yọ ní 1972, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015. Èèpo igi ni quinine. Oyin náà ní ìtàn tirẹ̀ lórí egbò ètè gan-an. Ní New Zealand, àwọn olùwádìí kó àgbàlagbà 952 jọ láti ilé ìtajà oògùn káàkiri. Wọ́n fún apá kan ní oyin tí wọ́n ti ṣètò fún ìṣègùn, èyí tó ti ara òdòdó igi kan tí wọ́n ń pè ní kanuka wá. Wọ́n fún apá kejì ní kírímù acyclovir, oògùn kan náà tí oníkẹ́mísì wa gbé lé gíláàsì. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Àwọn tó lo kírímù, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ ni awọ wọn fi padà bọ̀ sípò. Àwọn tó lo oyin, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ohun tí onímọ̀ ìṣirò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó jẹ́ ìyàtọ̀ gidi.

Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà ka ìwádìí yìí. Bàbá lè sọ pé, "Ẹ ò rí i? Oyin àti kírímù, ọgbọọgba ni." Ẹlòmíràn lè dáhùn pé bóyá kì í ṣe pé oyin lágbára ni, bóyá kírímù náà ni kò lágbára tó bí a ti rò. Èmi rò pé ìdáhùn kejì ló sún mọ́ òótọ́ jù. Oyin ìṣègùn tí a ti yọ ìdọ̀tí àti kòkòrò kúrò nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ oyin inú ìgò tí a rà létí títì, tí a kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oyin kàn án lẹ́nu rárá, ì báà ṣe ti egbò, ì báà ṣe ti ikọ́.

Ó wá kan oníkẹ́mísì. Kírímù tó gbé sílẹ̀ kì í ṣe oògùn yẹpẹrẹ. Iléeṣẹ́ Burroughs Wellcome ni wọ́n ti ṣe acyclovir ní Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní 1982. Gertrude Elion wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù iṣẹ́ náà, obìnrin kan tí kò gboyè ọ̀mọ̀wé rí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó wá gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988 pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Ọgbọ́n inú oògùn náà dùn mọ́ mi títí dòní. Ẹ fojú inú wo ẹ̀bìtì tí ewúrẹ́ lè gorí rẹ̀, tí adìẹ lè gorí rẹ̀, tí kò ní í ré, àfi tí eku fúnra rẹ̀ bá fẹnu kàn án. Bí oògùn yìí ṣe rí nìyẹn. Tó bá wọ inú ara tó mọ́, ńṣe ló ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Tó bá dé ibi tí fáírọ́ọ̀sì wà, irinṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì náà ló ń tú u sílẹ̀, ó sì ń há a lọ́fun níbi tó ti ń gbìyànjú láti bí ara rẹ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sábà ṣe ara ní ìjàǹbá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bìtì tí a dẹ lẹ́yìn tí eku ti bímọ tán, kí ló fẹ́ mú? Egbò ètè kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a fojú rí i. Ọjọ́ kan ṣáájú, tàbí wákàtí díẹ̀, ibẹ̀ á ti máa yún, á máa ta, á máa gbóná bí ẹni fi ata kàn án. Ìgbà yẹn ni fáírọ́ọ̀sì ń pọ̀ sí i jù. Bí ìléròrò bá fi máa bẹ́, ó ti parí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀; ara fúnra rẹ̀ ti ń lé e padà. Kírímù tí èèyàn fi sí i láti ìgbà tó ti ń yún, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, lè mú kó tètè san ní ààbọ̀ ọjọ́ tàbí ọjọ́ kan. Gbogbo èrè rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí a fi sí i nígbà tí èépá ti dì, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Láti kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò, ìrókò tó wà létè ọmọbìnrin yẹn sì ti yọ ẹ̀ka tán kí wọ́n tó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù.

Oníkẹ́mísì kò sọ èyí. Mi ò sọ pé ó parọ́. Ó lè jẹ́ pé òun náà kò rí ẹni sọ ọ́ fún òun. Ó sì tún lè jẹ́ pé ó mọ ìwà wa: oògùn tí a kò bá fowó ṣe, ẹ̀yìn àrò ní í gbé. Tó bá sọ fún ìyá yẹn pé "ẹ lọ sílé, á san," ọ̀pọ̀ nínú wa á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì lọ ra ohun tó burú ju kírímù yìí lọ.

Ohun tó burú jù ú lọ sì wà. Kírímù kan wà tó wọ́pọ̀ ní gbogbo ọjà wa, tí wọ́n ń fi sí gbogbo nǹkan tó bá yọ lára: ó ní oògùn làpálàpá nínú, ó ní oògùn bakitéríà nínú, ó tún ní sítẹ́rọ́ọ̀dì tó le. Sítẹ́rọ́ọ̀dì ń mú kí pupa àti wíwú lọ, ojú á kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó ń san, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara ló dè, fáírọ́ọ̀sì á sì ráyè. Mo ti rí ẹni tó fi iyọ̀ rin egbò ètè, mo ti rí ẹni tó fi ọṣẹ ìfọyín lé e, mo ti rí ẹni tó fi òwú rẹ sípírítì gbá a mọ́lẹ̀ tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n gbà pé ohun tó bá ta gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Awọ ni wọ́n ń jó, ó sì lè fi àpá sílẹ̀ níbi tí egbò yìí fúnra rẹ̀ kì í fi àpá sí.

Oògùn aláwọ̀ àlùkò tí a ń pè ní GV ńkọ́? Orúkọ rere rẹ̀ kò ṣẹ̀yìn nǹkan. Egbò mìíràn wà tó máa ń la igun ẹnu méjèèjì, tó ń sán nígbà tí a bá ya ẹnu. Kòkòrò tó ń mú ahọ́n ọmọ ọwọ́ funfun ló sábà wà ńbẹ̀, tàbí àìtó èròjà oúnjẹ. GV ń ṣiṣẹ́ fún irú ìyẹn. Nítorí pé ètè kan náà ni àwọn méjèèjì wà, a kó wọn pọ̀. Èyí tó ń lé ròrò, tó ń ṣù jọ lójú kan, tó ń padà wá sójú kan náà lọ́dọọdún, kò sí ohun tí GV fẹ́ fi ṣe é ju kó kùn ún láwọ̀ lọ.

Oògùn oníhóró ní ìwọ̀n tirẹ̀. Valacyclovir, ọmọ ìyá acyclovir, gíráàmù méjì láàárọ̀, gíráàmù méjì lẹ́yìn wákàtí méjìlá, ó parí, fún ẹni tó bá ti pé ọdún méjìlá sókè. Òun náà kò gé ju nǹkan bí ọjọ́ kan kúrò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbà tó ń yún. Dókítà ló yẹ kó kọ ọ́, pàápàá fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá. Níbi tó ti wúlò jù ni fún ẹni tí egbò yìí ń mú lẹ́ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa lo oògùn lójoojúmọ́ fún ìgbà kan kó má bàa yọ. Tí ẹnì kan bá wà nínú ìnira báyìí, tí wọ́n ń sọ fún un pé kó máa fi òrí pa á, wọn kò ṣe dáadáa sí i.

Ohun tó mú ìjà bàbá àti oníkẹ́mísì ṣòro láti parí ni pé egbò yìí ń san fúnra rẹ̀. Ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ó ti lọ. Ẹni tó lo òrí, ó san, ó yin òrí. Ẹni tó lo kírímù, ó san, ó yin kírímù. Ẹni tó fi eérú sí i, tó jìyà, ó san fún òun náà ní ọjọ́ kẹwàá, ó sì ń lọ kọ́ ọmọ rẹ̀. Ọdún tí oògùn òyìnbó àti àgbo ti jọ ń gbé ilẹ̀ Yàgbà ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní 1908 ni Titcombe, míṣọ́nnárì tó ti Kánádà wá, dé Ẹ̀gbẹ̀, ilé ìwòsàn sì dìde níbẹ̀ ní 1952. Kò sí agbo ilé kan tí mo mọ̀ tó lé ọ̀kan jáde nítorí èkejì. Ìyá kan náà ń gba káàdì nílé ìwòsàn láàárọ̀, ó sì ń gbé ìkòkò àgbo kaná lálẹ́. Mi ò rí àbùkù níbẹ̀, tó bá ti mọ èyí tó ń ṣe kí ni.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dárúkọ ni pé omi inú ìléròrò yẹn ń ràn. Níbí yìí, mi ò ní àárín tí mo fẹ́ dúró sí. Ẹ wo ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nílé wa. Wọ́n á gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ìyá àgbà á fẹnu kò ó lójú, àǹtí á fẹnu kò ó lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n tó ti Lọ́kọ́ja dé á fi ètè tó ń bó kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan kò ní ọmọ ogun ara tó lè kojú fáírọ́ọ̀sì yìí. Ó lè wọ inú ọpọlọ rẹ̀, ó lè wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lè pa á. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n níbi tó bá ti ṣẹlẹ̀, kò sí òrí, kò sí kírímù. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, oògùn tí a ń fà sínú iṣan ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tí ètè rẹ̀ ń bó, kó wo ọmọ lókèèrè, kó ṣàdúrà fún un lókèèrè.

Ojú náà ńkọ́? Ẹni tó fọwọ́ kan egbò ètè, tó tún fọwọ́ yẹn nu ojú, lè gbé e síbẹ̀. Egbò lójú ẹyinjú lè sọ èèyàn di afọ́jú. Tí ojú bá pọ́n, tó ń ro, tí iná ń gún un, lásìkò tí ètè ń bó, kí wọ́n má fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ nílé, kí wọ́n wá dókítà ojú. Láàárín tọkọtaya, fáírọ́ọ̀sì yìí lè ti ẹnu ran ojú ara. Kí wọ́n ní sùúrù fún ara wọn títí èépá á fi bọ́ tán. Igbá ẹmu tó ń yí àárín ọ̀rẹ́ márùn-ún ká, kí ẹni tí ètè rẹ̀ ń bó mú ti tirẹ̀ sọ́tọ̀. Egbò tí kò bá san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń tàn ká, kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò, títí kan ti kòkòrò HIV, nítorí ara tí agbára rẹ̀ ti dínkù ló máa ń jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo dárúkọ HIV tán, mo sì gbọ́dọ̀ yára sọ èyí: egbò ètè tó yọ tó sì san lọ́sẹ̀ kan kì í ṣe àmì rẹ̀, kì í sì í ṣe àmì ìṣekúṣe. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé èyí tó ju ìdajì aráyé lọ ló gbé fáírọ́ọ̀sì yìí kiri? Mo ti gbọ́ tí àgbàlagbà ń bi ọmọ ọdún mẹ́rìnlá léèrè ibi tó gbé ẹnu rẹ̀ lọ. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àgbàlagbà yẹn gan-an ló fẹnu kò ó nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìtìjú yìí ló mú ọmọ tó wà níwájú wa lọ́jọ́ yẹn fi ìborùn dí imú nínú oòrùn ọ̀sán.

Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá ara ọmọ ń gbóná. Ó ní láti ìjẹta ni, lálẹ́. Mo ní kó fi owó ọwọ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò fún ibà, kó má ra kírímù lónìí, nítorí ìléròrò ti bẹ́, àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Kó fi òrí tó mọ́ sí i, pẹ̀lú òwú, kì í ṣe pẹ̀lú ìka. Kó fún un ní parasitamọ́ọ̀lù tó bá ń ro ó. Kó ya ife rẹ̀ àti aṣọ ìnujú rẹ̀ sọ́tọ̀. Kó sì jẹ́ kó máa fọ ọwọ́. Mo ní kó fi orúkọ kírímù náà sọ́kàn, lọ́jọ́ mìíràn tí ọmọ bá jí tó ní ètè ń yún òun, kí wọ́n wá rà á kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

"Àbúrò wà lẹ́yìn rẹ̀?" ni mo bi í.

"Oṣù méjì," ni ìyá dáhùn.

"Kó má fẹnu kò ó o."

Bàbá mi orí. "Òrí náà ni mo kúkú sọ." Oníkẹ́mísì dá páálí padà sínú gíláàsì, ó fa dúrọ́ọ̀ nísàlẹ̀, ó mú ike àyẹ̀wò ibà kan jáde, ó sì ní kí ọmọ na ìka rẹ̀ wá. Ọmọ náà na ìka, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò. Ó fi ọwọ́ kejì fa ìborùn sílẹ̀ kúrò lẹ́nu.

"Bùrọ̀dá, ṣé mo lè lọ sílé ìwé lọ́la?"

Mo ní kó lọ. Ó yí padà sí ìyá rẹ̀, ó ká ìborùn náà sí mẹ́rin, ó gbé e lé e lọ́wọ́.